Píánò Tí A Ń Tẹ̀ Láti Inú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Àkúrẹ́ àti Òǹdó

Àwọn òbí, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí, pàápàá nígbà tí wọ́n bá rí i tí mo ṣí ìdérí píánò tí mo sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní píánò ní Àkúrẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn orin yìí dọ́kàn. Bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn ni mo kọ síbí.

Kí lẹ ń pè ní píánò tí a ń tẹ̀ láti inú gan-an?

Píánò tí gbogbo wa mọ̀ ní kíì 88: funfun 52, dúdú 36. Tí ẹ bá tẹ ọ̀kan, òòlù kékeré kan tí wọ́n fi irun àgùntàn tó ki wé lórí á fò, á gbá okùn irin, á sì padà sí àyè rẹ̀ kíá. Okùn náà ju igba lọ nínú píánò kan. Àwọn tó wà lápá òsì nípọn, ohùn wọn wúwo, wọ́n sì fi wáyà bàbà wé wọn. Ẹyọ kan tàbí méjì ni òòlù ń gbá níbẹ̀. Láti àárín lọ sápá ọ̀tún, okùn mẹ́ta-mẹ́ta ló wà fún kíì kọ̀ọ̀kan. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lábẹ́ gbogbo wọn tó ń gbé ìró náà jáde. Bartolomeo Cristofori, ará Ítálì, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Florence ní nǹkan bí ọdún 1700.

Fún igba ọdún lé, orí kíì nìkan ni ọwọ́ onípíánò máa ń wà. Orin tí mò ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn kan bi ara wọn pé: gbogbo okùn yìí, pákó yìí, irin yìí, ṣé orí kíì nìkan la ó ti máa pè wọ́n ni? Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ta okùn, wọ́n ń fi èékánná ha á, wọ́n ń fi ọwọ́ dì í mú kí ohùn rẹ̀ lè kú díẹ̀, wọ́n ń fi apá tẹ ogún kíì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ń ki síkírúù àti rọ́bà sáàárín okùn. Píánò náà ló sì ń dún nínú gbogbo rẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ dá a láṣà?

Orúkọ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni Henry Cowell, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní California ní 1897. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ àti apá tẹ ìdìpọ̀ kíì. Nínú orin rẹ̀ tó ń jẹ́ The Tides of Manaunaun, ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ orin tí etí ẹnikẹ́ni lè gbá mú, apá òsì sì ń ru gbogbo kíì ìsàlẹ̀ sókè lábẹ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí 1923 ó kọ Aeolian Harp. Nínú èyí, ọwọ́ kan á rọra tẹ kíì sílẹ̀ láìjẹ́ kó dún, ọwọ́ kejì á wọ inú lọ fà á kọjá lórí okùn. Okùn tí kíì rẹ̀ wà nílẹ̀ nìkan ló máa dún pẹ́. Àwọn yòókù á dákẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, torí ó rọrùn, ó dùn, kò sì ní pa píánò ẹnikẹ́ni lára.

Èyí tó tún lókìkí ni The Banshee, ti 1925. Onípíánò kì í jókòó rárá nínú rẹ̀. Ó dúró síbi tí ẹ̀gbẹ́ píánò ńlá (èyí tí okùn rẹ̀ sùn gbalaja) ti tẹ̀ wọnú, ó ń ha okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹlòmíràn sì jókòó síbi kíì, kì í ṣe nǹkan kan ju kó fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì ọ̀tún, èyí tó ń jẹ́ kí okùn máa dún lọ, mọ́lẹ̀ títí orin fi parí. Nígbà tí Cowell gbé orin rẹ̀ lọ sí Leipzig ní Jámánì ní 1923, ìjà ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Síbẹ̀, Béla Bartók, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Hungary, kọ̀wé sí i láti tọrọ àyè kí òun náà lè lo ìdìpọ̀ kíì.

Síkírúù nínú píánò ńkọ́? Ta ló ro irú rẹ̀ kàn?

John Cage ni (1912–1992), òun náà sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Cowell. Ní nǹkan bí ọdún 1940, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Cornish ní ìlú Seattle, ibẹ̀ ló ti ń ṣe orin fún àwọn oníjó. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Syvilla Fort, ní ijó kan lọ́wọ́ tó ń jẹ́ Bacchanale, ó sì fẹ́ kí orin rẹ̀ ní ìrísí Áfíríkà. Ìlù àti agogo ni Cage ì bá kó wá, àmọ́ orí ìtàgé kéré, píánò kan ṣoṣo ló gbà. Ó gbé àwo sórí okùn, àwo ń sún kiri. Ó ki ìṣó sí i, ìṣó ń yọ̀. Ìgbà tó dé orí síkírúù àti bóòtù ni nǹkan dúró síbi tó fi í sí. Ẹnì kan jókòó sídìí píánò kan, ó sì ń dún bíi pé ẹgbẹ́ onílù ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá. Orin ilẹ̀ wa ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi dé ibẹ̀. Ẹ wo oníbàtá: ó máa ń fi ìda lẹ ojú ìlù rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè yí padà. Ẹ wo ìyá ìlù dùndún: ṣaworo ló yí ojú rẹ̀ ká, tí ọ̀pá bá sọ̀ kalẹ̀, awọ á sọ tirẹ̀, ṣaworo á sì gbè é. Àwọn baba wa kò fìgbà kankan gbà pé ìró gbọ́dọ̀ mọ́ gaara kó tó jẹ́ orin. Wọ́n máa ń fi nǹkan sí i lára. Ohun tí Cage ṣe fún píánò nìyẹn, ọmọ onílù ní Òǹdó sì lè lóye rẹ̀ kíákíá ju ẹni tí kò gbọ́ ìlù rí lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ mú kíì kan ní àárín, tó ní okùn mẹ́ta, kí ẹ kà wọ́n láti apá òsì. Ẹ ki bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín okùn kejì àti ìkẹta. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, okùn àkọ́kọ́ á sọ ohùn rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Àwọn méjì tó gbé bóòtù á dún gbáágan bí agogo, ohùn tí ẹ ò sì retí á jáde lára wọn. Ẹ wá tẹ pẹ́dàlì òsì lórí píánò ńlá. Gbogbo òòlù á sún díẹ̀ sápá ọ̀tún, kò sì ní kan okùn àkọ́kọ́ mọ́. Agogo nìkan lẹ máa gbọ́. Kíì kan, ohùn méjì. Tó bá jẹ́ rọ́bà lẹ kì sí i, ìró á gbẹ, á kúrú, á dún pó. Tí ẹ bá sì fi nọ́ọ̀tù tó ṣò sórí bóòtù náà, á máa gbọ̀n wìrìwìrì bí ṣaworo.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ́nà yìí ni Sonatas and Interludes (1946–1948), sonata 16 àti interlude 4. Ohùn 45 ló ní kí wọ́n fi nǹkan sí, ó sì ṣe tábìlì síwájú ìwé náà tó sọ ohun tó máa wọ okùn kọ̀ọ̀kan, àárín èwo sí èwo, àti bó ṣe máa jìnnà tó sí ibi tí ohun tó ń pa ohùn okùn wà. Àtitò gbogbo rẹ̀ nìkan máa ń gba wákàtí bíi mẹ́ta.

Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe ariwo lásán nìyẹn?

Mi ò bínú. Tí ìyá ìlù bá ń kì yín níbi ìnáwó, ẹ kì í sọ pé ṣaworo rẹ̀ ń pariwo. Etí yín ti mọ ohun tó yẹ kó gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá dò-rè-mí nínú The Banshee kò ní rí i, inú á sì bí i. Ẹ gbọ́ bí ìró ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà, àti bó ṣe kú. Ẹ gbọ́ èyí tó jìnnà àti èyí tó súnmọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tó ń lọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o. Àwọn kan wà tí wọ́n máa da ẹrù inú páálì mẹ́káníìkì sínú píánò nígbà tí wọn kò ní nǹkan kan sọ. Irú ìyẹn kì í pẹ́ sú ènìyàn.

Ẹlẹ́sìn ni mí. Ṣé kò sí ẹ̀mí mìíràn nínú orin yìí?

Orúkọ ló máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Banshee jẹ́ ẹ̀mí obìnrin inú ìtàn àwọn ará Ireland, tó máa ń sunkún tí ẹnì kan bá fẹ́ kú, igbe yẹn sì ni Cowell fẹ́ ká gbọ́. Ìtàn ló ń sọ, èékánná lórí irin ló fi ń sọ ọ́. George Crumb, ará Amẹ́ríkà mìíràn (1929–2022), kọ ojú ewé kan nínú Makrokosmos, àkójọ orin píánò rẹ̀, ní ìrísí àgbélébùú, ó sì pè é ní Crucifixus. Mo ti fi han àwọn olórí akọrin mélòó kan ní Àkúrẹ́, wọ́n sì wò ó lọ́wọ̀lọ́wọ̀.

Ní ti ìsìn fúnra rẹ̀, orin ìsìn ni mo máa ń tẹ̀ níbẹ̀. Ìjọ ló ni ìsìn, ẹni tó bá fẹ́ gbé ohun tuntun wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àlùfáà àti olórí akọrin sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, fífi ọwọ́ fa okùn jẹ́jẹ́ nígbà àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní àsìkò Lẹ́ńtì lè bá ìjọ lára mu púpọ̀.

Ṣé kò ní ba píánò wa jẹ́?

Tí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń ṣe, kò ní bà á jẹ́. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, á bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí ẹ ka ìdáhùn yìí dáadáa ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni píánò. Kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ sì nù ún gbẹ, torí òógùn ọwọ́ ló ń mú kí irin dípẹtà, bàbà ara okùn ńlá sì máa ń dúdú. Tí ẹ bá parí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ibi tí ẹ fọwọ́ kàn. Àwọn pákó kéékèèké tó jókòó lórí okùn, tí irun àgùntàn wà lábẹ́ wọn, àwọn ló ń pa ohùn lẹ́nu tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò lórí kíì. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí nǹkan kan kọ lù wọ́n. Bí ọ̀kan bá ti wọ́, ohùn yẹn kò ní dákẹ́ mọ́ títí ẹni tó ń tún píánò ṣe yóò fi dé, àwọn bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìbàdàn tàbí Èkó la ti sábà máa ń pè wọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ ki nǹkan sáàárín okùn, kí ẹnì kan tẹ pẹ́dàlì ọ̀tún mọ́lẹ̀ kí àwọn pákó yẹn lè gbéra. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ike la okùn méjì náà díẹ̀, ẹ má fi ẹnu síkírúdíráfà là á, irin á ha irin. Bóòtù tó bá dára máa wọlé láìjẹ́ pé ẹ ń fi agbára tì í. Tí ẹ bá rí i pé okùn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti tóbi jù, ẹ yọ ọ́. Bóòtù idẹ ló sàn ju ti irin lọ, torí idẹ rọ̀ ju okùn fúnra rẹ̀. Ẹ má ki ohunkóhun tó le sáàárín àwọn okùn tí wọ́n fi bàbà wé; rọ́bà tàbí aṣọ tó fún wọn. Ẹ má gbé ẹrù lé pátákó tó wà lábẹ́ okùn, ẹ má lẹ táàpù mọ́ ọn, ẹ má sì fọwọ́ kan àwọn irin tí wọ́n fi ń fa okùn le. Agbára tí gbogbo okùn inú píánò ńlá jọ fi ń fà tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 18 sí 20. Okùn tó bá já lè fọ́ ojú ènìyàn, nítorí náà ẹ má tẹ orí bọ inú rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń gbá kíì.

Ẹ ka ohun tí ẹ fi sínú rẹ̀, kí ẹ sì tún un kà nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Síkírúù kan tó bá já sábẹ́ òòlù lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Mo sì fẹ́ sọ èyí láìfi bò: ohun tó ń pa píánò ní ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe bóòtù. Mo ṣí píánò kan rí ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òǹdó, eku ti jẹ irun àgùntàn orí òòlù tó lé ní ogún, ìwé orin tí wọ́n fà ya sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìtẹ́. Lórí ìdérí rẹ̀, òrùka ìsàlẹ̀ ìgò mínírà wà káàkiri. Kò sẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ rí. Ká ní wọ́n ń ṣí i wò ni, wọn ì bá ti rí eku náà.

Píánò tiwa dúró gbọnrangandan mọ́ ògiri ni. Kí la lè ṣe sí i?

Ohun tó pọ̀. Ẹ ṣí ìdérí òkè, ẹ tú ìgbátí iwájú tó wà lókè kíì. Ìkọ́ méjì ló sábà máa ń dì í mú láti inú. Èyí tó wà nísàlẹ̀, níwájú orúnkún yín, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣí, àwọn okùn ńlá á sì hàn. Ẹ lè fi ìka ta okùn, ẹ lè fi ọwọ́ kan dì í mú lókè kí ọwọ́ kejì máa tẹ kíì, ẹ lè fi ìka kan pákó ara rẹ̀. Ìdìpọ̀ kíì àti kíì tí a tẹ̀ láìdún náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bóòtù ló ṣòro, torí okùn dúró lóòró, nǹkan lè já bọ́. Rọ́bà ni kí ẹ lò. Pẹ́dàlì òsì kò sì ní fún yín ní ohùn méjì bí mo ṣe sọ lókè, torí pé ńṣe ló kàn ń sún òòlù súnmọ́ okùn. Àmọ́ ẹ wo pẹ́dàlì àárín. Nínú ọ̀pọ̀ irú píánò yìí, ó máa ń sọ aṣọ kan kalẹ̀ sáàárín òòlù àti okùn, ohùn gbogbo á wá rẹlẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù nìkan ni mo ní.

Kò ní okùn, nítorí náà inú rẹ̀ kò kàn wá. Ẹ fi kọ́ ìdìpọ̀ kíì, ẹ sì fi kọ́ etí yín. Fún ìyókù, ẹ wá ẹni tó ní píánò gidi, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín fún wákàtí kan. Píánò gidi kò sì nílò iná.

Ọmọ mi ń múra ìdánwò orin ABRSM, ti àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé kò ní ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́?

Rárá, bí ó bá ń jẹ́ kí apá rẹ̀ wúwo sórí kíì dípò kó máa fi gbá a. Kó parí sikéèlì rẹ̀ kó tó ṣí ìdérí. Mo ti rí i pé ọmọ tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí òòlù ṣe ń gbá okùn máa ń tẹ kíì jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ìka rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ irú orin yìí sílẹ̀?

Olúkúlùkù ló ní àmì tirẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣàlàyé rẹ̀ síwájú ìwé. Cowell máa ń fi ilà tó nípọn so ohùn ìsàlẹ̀ àti tòkè ìdìpọ̀ kíì pọ̀. Ti Crumb ló lẹ́wà jù lójú mi: nínú Makrokosmos àkọ́kọ́ (1972), yàtọ̀ sí èyí tó rí bí àgbélébùú, ọ̀kan rí róbótó, ọ̀kan sì ká bí ìkarahun ìgbín, onípíánò á sì máa yí ìwé bó ṣe ń kà á. Wọ́n máa ń gbé máíkì sí píánò náà kí àwọn ìró kéékèèké lè dé etí gbogbo ènìyàn, onípíánò fúnra rẹ̀ sì máa ń súfèé, ó ń kùn, ó ń kígbe.

Helmut Lachenmann, ará Jámánì, kọ Guero ní 1970. Nínú rẹ̀, èékánná ń sáré lórí ojú kíì láìtẹ̀ ẹ́, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, òòlù kan kì í sì gbéra. Igbá tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà máa ń fi igi ha, ló fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ṣé ọwọ́ Yorùbá kankan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Akin Euba (1935–2020), ọmọ Èkó, ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ó kọ́ píánò ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tún wá lọ sí Legon ní Gánà láti kọ ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí ìlù dùndún, ó parí rẹ̀ ní 1974. Ó pẹ́ tó fi ń kọ́ni ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Òun ló ń polongo ohun tó pè ní African pianism: kí píánò máa sọ̀rọ̀ bí ohun èlò ilẹ̀ Áfíríkà, kí ìró ìlù sì jẹ́ egungun rẹ̀. Scenes from Traditional Life, tó kọ ní 1970, fi èyí hàn kedere. Joshua Uzoigwe (1946–2005), ọmọ Igbo tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ó ní orin píánò kan tó pè ní Talking Drums.

Orí kíì làwọn méjèèjì ti ṣe èyí tí mo dárúkọ yìí. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí iṣẹ́ tó kù fún àwọn ọmọ wa. Kíì kì í yọ̀ láti ohùn kan sí òmíràn: ó fò láti dò sí rè, kò sí ohun tó wà láàárín. Bẹ́ẹ̀ èdè wa ń yọ̀, ìyá ìlù náà ń yọ̀ nígbà tí onílù bá fún ọṣán mọ́ra. Àmọ́ inú píánò, ó ṣeé ṣe. Ẹ tẹ kíì kan nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa dún, kí ẹ wá gbé ife gíláàsì tó ń dán lé okùn rẹ̀ kí ẹ sì rọra fà á síwájú. Ohùn náà á gòkè láìdúró síbì kan. Ẹ dá a padà, á sọ̀ kalẹ̀. Crumb lo ife gíláàsì nínú Makrokosmos kejì (1973). Ọmọ Yorùbá tó bá dì í mú lè fi sọ̀rọ̀. Mo ti gbìyànjú "ẹ káàbọ̀" lórí okùn kan, ọmọ kékeré tó wà nínú yàrá dáhùn "ẹ kú ilé o" kí n tó sọ fún un pé kí ni mò ń wá.

Yunifásítì Adéyẹmí ní Òǹdó ń kọ́ni ní orin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti mọ kónkóló agogo láti kékeré, wọ́n ti gbọ́ orin ọbitun lẹ́nu àwọn ìyá wọn. Tí irú wọn bá ṣí ìdérí píánò, kónkóló lórí okùn tí a fi ọwọ́ dì mú, ohùn tó ń yọ̀ lórí okùn ńlá, orin náà kò ní jọ ti Cowell, kò ní jọ ti Cage. Èyí ni mò ń retí.

Ṣé òótọ́ ni pé orin kan wà tí onípíánò kì í tẹ nǹkan kan?

Òótọ́ ni. Cage náà ló ṣe é, 4′33″ lorúkọ rẹ̀. David Tudor ló kọ́kọ́ jókòó ṣe é ní Woodstock, ìpínlẹ̀ New York, ní oṣù kẹjọ 1952. Ohun tó ń dún yí yín ká lẹ máa gbọ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ máa gbọ́ orin tó pọ̀.

Ẹnì kan sọ pé wọ́n ń fi ọrun fa píánò bíi gòjé.

Bẹ́ẹ̀ ni. Curtis Curtis-Smith bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1972, Stephen Scott sì kó ẹgbẹ́ kan jọ ní Colorado College ní 1977 tó sọ ọ́ di odidi iṣẹ́ ọnà. Wọ́n máa yọ ìdérí kúrò, ènìyàn bíi mẹ́wàá á yí píánò kan ká, olúkúlùkù á fi okùn ìpẹja tí wọ́n fi oje igi pa gba abẹ́ okùn píánò, wọ́n á máa fà á lọ fà á bọ̀. Ohùn náà kì í kú bí ti òòlù. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ kó pẹ́ tó ló máa pẹ́ tó. Oje igi náà máa ń lẹ̀ mọ́ okùn, nítorí náà mi ò gbà á níyànjú fún píánò ṣọ́ọ̀ṣì.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, láìlo síkírúù kankan?

Ẹ rọra tẹ dò, mí àti sò lápá ọ̀tún àárín, jẹ́jẹ́ tí wọn ò fi ní dún, kí ẹ sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ òsì gbá dò ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára kí ẹ sì yára gbé e. Ohùn mẹ́ta tí ẹ ò gbá á máa dá dún, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Àwọn okùn tó ṣí sílẹ̀ ló gba ìró náà mọ́ra. Tí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ tẹ pẹ́dàlì ọ̀tún mọ́lẹ̀ kí ẹ sì pe orúkọ ara yín sínú píánò. Á dá yín lóhùn pẹ̀lú fáwẹ̀lì tí ẹ pè é.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan okùn ńlá kan ní ìdajì gígùn rẹ̀ gan-an, ẹ má tẹ̀ ẹ́ le, kí ọwọ́ kejì gbá kíì rẹ̀. Ohùn tó máa jáde á fi òkítéfù kan (bíi láti dò dé dò tó wà lókè rẹ̀) ga ju bó ṣe yẹ lọ, á sì mọ́ bíi fèrè. Ẹ sún ìka síbi ìdá mẹ́ta, òmíràn á jáde. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan wà nínú ìyẹn nìkan.

Ọyẹ́ àti òjò ńkọ́?

Nígbà òjò, pátákó inú píánò máa ń fa omi, á wú, ohùn á sì gòkè. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì, ohùn á lọ sílẹ̀. Pátákó tó bá gbẹ jù lè sán. Ẹ gbé píánò jìnnà sí fèrèsé, sí éásì àti sí ògiri tí oòrùn ń pa. Tí owó bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n túùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọyẹ́ bá ti jókòó. Okùn mẹ́ta tí kò bára mu kì í jẹ́ kí bóòtù sọ ohùn tó yẹ kó sọ.

Ṣé mo lè gba ohun tí mo ṣe sílẹ̀ lórí fóònù?

Ẹ lè gbà á. Ẹ má gbé fóònù lé orí píánò, gbígbọ̀n pákó nìkan ló máa gbọ́. Ẹ gbé e lé aṣọ tí ẹ ká sórí àga, ní ìwọ̀n mítà kan sí i, kí ẹ sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ìró tó wà nínú orin yìí kéré. Ẹ má pa á títí okùn tó gbẹ̀yìn yóò fi dákẹ́ pátápátá. Kí ẹ sì tó yọ ohunkóhun kúrò nínú okùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tó jẹ́, kíì tó wà, àárín okùn wo sí èwo, àti ìwọ̀n tó fi jìnnà sí pákó kékeré tó ń pa ohùn okùn lẹ́nu, kí ẹ lè rí ohùn kan náà tí ẹ bá tún padà síbẹ̀.